Họ́kì Orí Yìnyín, Tẹ́tẹ́ Òru àti Ṣọ́ọ̀bù Iwájú Gbọ̀ngàn Wa

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa lóṣù yìí, bí ẹnìkan bá sọ fún wa ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn pé a óò máa sọ ọ́, à bá ti bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ họ́kì ni, kì í sì í ṣe họ́kì orí pápá tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ń gbá, bí kò ṣe èyí tí àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà ń wọ bàtà onírin gbá lórí omi dídì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn wá nìyí. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ alákòóso pé òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù méjèèjì tí ó wà níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, àwọn tí ó ti ṣófo láti ìgbà tí alásọ tí ó wà níbẹ̀ ti kó jáde. Owó tí wọ́n fẹ́ san jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹni ìṣáájú ń san, wọn yóò sì san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wá sí ìpàdé oṣù Kẹjọ yóò rántí ibi tí a gbé báàfù sí. Nítorí náà a kò bínú sí àwọn tí ó ní kí a gbà. Ṣùgbọ́n èrò tiwa, àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn yìí, ni pé kí ẹgbẹ́ má gbà á, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ kí ìpàdé gbogbogbò tó jókòó.

Ẹni tí ó bá rò pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí, kò tíì wọ ilé tẹ́tẹ́ wò. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń parí ní nǹkan bí aago 11 alẹ́. Ẹni tí ó ti pàdánù láti ọ̀sán, tí ó ń wá bí owó rẹ̀ yóò ṣe padà bọ̀, kò ní sùn di ọ̀la. Ohun tí yóò bá lórí fóònù rẹ̀ ní òru ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà àti họ́kì orí yìnyín. Nígbà tí aago bá lu 7 alẹ́ ní Toronto ní àsìkò òtútù wọn, aago 1 òru ni ní Jos. Bí ó bá jẹ́ ní Edmonton, aago 3 òru ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa tí ó yẹ kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn ní aago 7 àárọ̀ ni wọ́n ń lajú sílẹ̀ dé ìdájí, tí wọ́n ń wo nọ́ńbà tí ń yí padà lójú fóònù. Wọn kò rí eré náà o. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wò.

Ó yẹ kí a sọ bí eré yìí ti rí, kí a má bàa máa bú ohun tí a kò mọ̀. Ikọ̀ méjì ni, ènìyàn 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé pẹ̀lú wọn. Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù: rọ́bà líle pẹlẹbẹ kan ni, tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 3, tí ó nípọn ní ínǹṣì 1, wọ́n sì ń pè é ní pọ́ọ̀kì. Wọ́n tilẹ̀ máa ń mú un dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa máa ta pọ́nún-pọ́nún lórí yìnyín. Ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n ń gbá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn eléré ń pààrọ̀ ara wọn láìdá eré dúró, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sá irú eré bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí láìsinmi. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀, wọn yóò mú un lọ jókòó sínú àpótí ní ẹ̀gbẹ́ pápá fún ìṣẹ́jú 2, ikọ̀ rẹ̀ yóò sì dín ní ẹnìkan títí yóò fi padà. Jos tutù, òtítọ́ ni, yìnyín sì máa ń bọ́ nígbà òjò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti rí omi Jos kí ó dì tó ohun tí ènìyàn ń sáré lé lórí. Líìgì ńlá wọn, èyí tí a ń pè ní NHL, bẹ̀rẹ̀ ní Montreal ní ọdún 1917. Ní sáà 2024 sí 2025, ikọ̀ 32 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbá eré 82, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,312, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje fún ife Stanley. Ẹ wo iye òru tí ó wà nínú rẹ̀.

A kò kórìíra eré náà. Kí ni a óò tilẹ̀ rí wí bí a bá kórìíra rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ láyé, ẹ̀jẹ̀ wa ni? Jarome Iginla ni orúkọ rẹ̀. Edmonton ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1977. Baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó ti Nàìjíríà lọ sí Kánádà. Adékúnlé ni ó ń jẹ́ kí ó tó sọ ara rẹ̀ di Elvis ní òkèèrè, orúkọ Adékúnlé náà sì wà lára àwọn orúkọ tí ó sọ ọmọ rẹ̀. Iginla, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ: igi ńlá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, igi náà sì ga lóòótọ́. Láti ọdún 1996 títí di 2013 ni ó fi gbá fún ikọ̀ Calgary, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá ikọ̀ náà ní ọdún 2003. Nígbà Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ọdún 2002 ní Salt Lake City, góòlù méjì ni ó gbá wọlé ní àṣekágbá tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà 5 sí 2, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Góòlù 625 ni ó gbá nínú NHL kí ó tó fẹ̀yìntì. Ní ọdún 2020 wọ́n yàn án sínú ilé ọlá àwọn agbáhọ́kì. Ọmọ rẹ̀, Tij, ni ikọ̀ Utah mú ní ipò kẹfà nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré ní ọdún 2024, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ikọ̀ náà yàn láti ìgbà tí ó ti dé Utah.

A bi mẹ́ta nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ta tẹ́tẹ́ họ́kì léèrè bóyá wọ́n mọ Iginla. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tí ó ti fi owó lé Edmonton lórí ní ìgbà tí kò níye, kò mọ̀ pé Edmonton jẹ́ ìlú. Ó rò pé orúkọ ẹnìkan ni. A kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ọmọ dáradára ni, ó sì mọ iṣẹ́ wẹ́dà ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń rà. Bí ẹnìkan bá wá sí ọjà Terminus tí ó ní kí a ra ẹrù tí a kò tíì fojú rí, tí a kò mọ ìlò rẹ̀, tí a kò sì mọ ìlú tí ó ti wá, a óò ní kí ó kọjá.

Àwọn ọmọ náà ní ìdáhùn, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní àwọn kì í ta á ní ojú dídì. Àwọn ń ka àsọtẹ́lẹ̀ eré. Lóòótọ́, àwọn kan wà ní òkèèrè tí iṣẹ́ wọn ni láti yẹ eré wò kí wọ́n tó gbá a. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò kọ́kọ́ ni aṣọ́lé, nítorí pé nínú họ́kì, aṣọ́lé ni ìdajì ikọ̀. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ́lé méjì, ó sì lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni a óò tó mọ èwo ni yóò dúró. Yóò wo bóyá ikọ̀ náà gbá eré ní alẹ́ àná, bóyá ó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìlú dé ìlú ní òru. Yóò wo bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí ẹnìkan nínú ọ̀tá bá wà nínú àpótí. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ìmọ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ òǹkà tẹ́tẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà ti mọ gbogbo rẹ̀ kí ọmọ wa tó jí. Nígbà tí ìròyìn aṣọ́lé bá fi máa dé Jos, òǹkà ti yí padà.

Ó sì tún kù. Nínú eré yìí, ẹni tí ó sàn jù kì í fi gbogbo ìgbà borí. Pọ́ọ̀kì kékeré, yìnyín tí ń yọ̀, ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ènìyàn mẹ́wàá níwájú ilé: ó lè fara kan igi ẹnìkan kí ó sì wọlé láì ṣe pé ẹni náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní sáà 2018 sí 2019, ikọ̀ Tampa Bay borí nínú eré 62, èyí tí ó bá àkọsílẹ̀ tí ó ga jù nígbà náà dọ́gba. Nígbà tí ìdíje ife dé, Columbus nà wọ́n ní eré mẹ́rin léraléra, wọ́n sì lọ sílé. Ní sáà 2022 sí 2023, ikọ̀ Boston borí nínú eré 65, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí; Florida lé wọn jáde ní ìpele kìíní, lẹ́yìn tí Boston ti ń borí 3 sí 1. Kí ni alásọtẹ́lẹ̀ yóò sọ sí èyí?

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àṣekágbá ọdún 2024, nítorí pé ó ṣì wà ní ẹnu àwọn ọmọ wa títí di òní. Florida àti Edmonton ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ borí nínú eré mẹ́rin ni yóò gba ife. Florida borí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́: 3 sí 0, 4 sí 1, 4 sí 3. Gbogbo ènìyàn ní ó parí. Ni Edmonton bá dìde: 8 sí 1, 5 sí 3, 5 sí 1. Wọ́n di mẹ́ta sí mẹ́ta. Láti ọdún 1942, nígbà tí Toronto ṣe é sí Detroit, kò sí ikọ̀ kan tí ó ti ṣubú bẹ́ẹ̀ ní àṣekágbá tí ó sì gba ife. Ní òru tí ó ṣáájú eré keje, ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé góòlù 18 ni Edmonton ti gbá nínú eré mẹ́ta, tí Florida gbá 5 péré, àti pé Connor McDavid, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní agbáhọ́kì tí ó dára jù láyé, ń bẹ lọ́dọ̀ Edmonton. Wọ́n ti lé Bobrovsky, aṣọ́lé Florida, kúrò lẹ́nu ilé ní eré kẹrin, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá góòlù márùn-ún wọlé fún un. Kí ni ọlọ́gbọ́n yóò mú? Edmonton ni yóò mú, àwọn ọmọ wa sì mú un.

Wọ́n gbá a ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà. Aago 1 òru ọjọ́ 25 ni ní ọ̀dọ̀ wa. Florida ni ó borí, 2 sí 1, Bobrovsky kan náà sì dúró bí ògiri. McDavid kò gbá góòlù kankan wọlé. Wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ ẹni tí ó gbá jù nínú ìdíje náà fún un síbẹ̀, ó sì wà nínú ilé ìwọṣọ nígbà tí wọ́n ń pè é, kò jáde wá gbà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ iṣẹ́ kan láàárín wa ti pàdánù owó àjọ oṣù mẹ́ta, owó tí ó ń kó jọ fún fìrídọ́ọ̀mù rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò burú. Ìmọ̀ rẹ̀ péye. Owó rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Iginla pàápàá mọ bí ó ti ń rí. Ní ọdún 2004 òun àti Calgary dé eré keje àṣekágbá pẹ̀lú Tampa Bay, wọ́n sì fi 2 sí 1 pàdánù. Ní eré kẹfà, pọ́ọ̀kì kan wà tí àwọn ará Calgary ń jiyàn títí di òní pé ó ti kọjá ìlà ilé Tampa. Wọn kò kà á sí góòlù, Tampa sì borí ní àfikún àkókò kejì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kà á ni, ọmọ wa ì bá gba ife náà. Ìwọ̀n ìka kan. Òun tí ó wà lórí yìnyín kò lè yí i padà, ẹni tí ó wà ní Jos ni yóò wá mọ̀ ọ́n ṣáájú?

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ ìṣirò. Bí ikọ̀ méjì bá dọ́gba pátápátá, tí ènìyàn méjì sì fi ₦1,000 kọ̀ọ̀kan lé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ohun tí ó tọ́ ni kí ẹni tí ó borí gba ₦2,000. Ṣùgbọ́n ilé tẹ́tẹ́ yóò kọ ọ́ọ̀dì rẹ̀ ní 1.90. Ẹni tí ó borí yóò gba ₦1,900. ₦100 ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó borí. Ìyẹn dàbí owó kékeré. Àwọn ọmọ wa kì í sì í mú eré kan ṣoṣo. Wọ́n ń so márùn-ún pọ̀ nínú ìwé kan, nítorí pé owó rẹ̀ ń wú. Ẹ ṣírò ó: eré márùn-ún tí ó dọ́gba, ìwé kan péré ni yóò jẹ nínú 32, nítorí náà ₦32,000 ni ó tọ́ kí wọ́n san lórí ₦1,000. Bí ọ́ọ̀dì bá jẹ́ 1.90 ní ìgbà márùn-ún, ₦24,760 àti díẹ̀ ni wọn yóò san. Ó lé ní ₦7,000 tí ó ti sọnù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Alájọ wa ń mú owó ọjọ́ kan nínú 31, àwọn kan sì ń pè é ní olè. Ẹ wá wo èyí tí ń mú ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, tí a ń fẹ́ fún ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀tàn kan tún wà nínú tẹ́tẹ́ họ́kì. Bí eré bá jẹ́ ọ̀mì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 60, wọn kò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò gbá àfikún, ẹnìkan yóò sì borí níkẹyìn. Ilé tẹ́tẹ́ ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kà á. Ọ̀kan ka àfikún mọ́ ọn. Èkejì dúró ní ìṣẹ́jú 60, ọ́ọ̀dì tirẹ̀ ni ó sì máa ń tóbi jù. Ọmọ wa yóò mú èyí tí ó tóbi. Ikọ̀ rẹ̀ yóò borí ní àfikún, yóò fò sókè ní aago 4 ìdájí, yóò sì bá ìwé rẹ̀ ní pípa. Àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí gbà pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Wọn kò rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké, ní èdè òyìnbó.

Àwọn tí ń ta àsọtẹ́lẹ̀ lórí WhatsApp ńkọ́, tí wọ́n ní àwọn mọ eré tí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀? Ọgbọ́n wọn kò jinlẹ̀. Ẹnìkan kó nọ́ńbà ènìyàn 800 jọ. Ó sọ fún 400 pé Toronto ni yóò borí, ó sọ fún 400 yòókù pé Montreal ni. Àwọn tí ó purọ́ fún, ó gbàgbé wọn. Ó tún pín 400 tí ó kù sí méjì fún eré kejì, ó ku 200. Ẹ̀kẹta, ó ku 100. Ẹ̀kẹrin, ó ku 50. Àwọn 50 yìí ti rí i tí ó sọ òtítọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra. Kí ló kù tí wọn kò ní san fún un? Wòlíì ni lójú wọn.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé àwa náà ta púùlù. Ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá sí Jos nígbà tí iṣẹ́ kùsà tánganran wà lójú ọpọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wá ọ̀mì nínú ìwé eré Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá sì sinmi, ikọ̀ Ọsirélíà tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni wọ́n ń mú. Nítorí náà kì í ṣe òní ni a ti ń ta ohun tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà, ó sì tóbi. Púùlù jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá pàdánù ní Sátidé ní ọjọ́ mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi bá a wí, tí ebi yóò fi bá a wí, tí inú tirẹ̀ náà yóò sì rọ̀. Èyí tí ó wà nísinsin yìí kò fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ń lọ bí eré náà ti ń lọ: ta ni yóò gba góòlù tí ó kàn, ta ni yóò jókòó nínú àpótí, góòlù mélòó ní ìṣẹ́jú 20 yìí. Owó inú àpò kò sì pọn dandan mọ́. Báǹkì wà nínú fóònù kan náà.

Àwọn mìíràn ní bí a kò bá gbà á, onílé òdì kejì títì yóò gbà á, àwọn ọmọ yóò sì lọ síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n orúkọ wa kọ́ ni yóò wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbọ̀ngàn yìí ni a ti ń ṣe ìkómọ, ibẹ̀ ni a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Sátidé, ibẹ̀ ni a sì ti ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n rán ọmọ wọn wá láìbẹ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá ń bọ̀ wá kọ́ a-b-d yóò gba iwájú ilé tẹ́tẹ́ kọjá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. A mọ̀ pé òfin ní kí wọ́n má ta á fún ọmọdé. A tún mọ ojú tí a fi ń rí ọmọdé níbẹ̀.

Àwọn tí ó ni eré náà gan-an kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọdún 1948, Clarence Campbell, olórí NHL, lé Billy Taylor àti Don Gallinger kúrò nínú líìgì nítorí tẹ́tẹ́. Ọdún 1970 ni wọ́n tó dá ẹ̀tọ́ wọn padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n dá Shane Pinto ti ikọ̀ Ottawa dúró fún eré 41, ìdajì sáà, nítorí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó ta lórí eré NHL rárá. Ní Kánádà, títí di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, òfin kò gbà kí ènìyàn ta tẹ́tẹ́ lórí eré kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ṣí i sílẹ̀, ìpolówó kún orí tẹlifíṣọ̀n. McDavid àti Wayne Gretzky pàápàá jọ hàn nínú ti ilé tẹ́tẹ́ kan. Kò pẹ́ tí ìjọba Ontario fi rí ohun tí ó ń ṣe sí àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, a kò gbọdọ̀ fi eléré polówó tẹ́tẹ́ mọ́ ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí omi wọn ń dì, tí wọ́n mọ eré náà láti inú aṣọ ìkókó, ni ó ń ṣọ́ra báyìí.

Ní ti òfin tiwa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé àṣẹ dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá fagi lé òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2005, ó ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn ará wa ní Kano mọ̀ pé òfin Ṣàríà ibẹ̀ kò gba tẹ́tẹ́ rárá. Àlejò ni wá níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, ibí ni wọ́n bí wa sí. Kò yẹ kí ilé ẹgbẹ́ wa jẹ́ ohun tí àwọn onílé, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí wọn, yóò máa fi wá jẹ́wọ́.

Ohun tí a dá lábàá nìyí. Obìnrin kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa ti béèrè ṣọ́ọ̀bù kan fún iṣẹ́ aṣọ rírán, yóò sì san iye tí ẹni àtijọ́ ń san. Kí a fún un. Èkejì, kí a sọ ọ́ di ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò, kí a gbé tẹlifíṣọ̀n kan síbẹ̀, kí a sì jẹ́ kí wọ́n wo họ́kì níbẹ̀ bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n rí i bí Iginla ti ń gbá a, kí ojú wọn rí ohun tí wọ́n ń fi owó lé lórí láìmọ̀. Owó tí ó kù fún òrùlé, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá a. Akápò wa ti ṣírò rẹ̀, ó ní bí gbogbo wa bá san owó oṣù tí a jẹ, a kò tilẹ̀ ní nílò ìdáwó púpọ̀. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìpàdé gbogbogbò yóò jókòó ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù yìí, ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá wá kò ní ohùn nínú ìdìbò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá pẹ̀lú, ẹ wá sọ tiyín lójú gbogbo wa. A kò ní lé ẹnikẹ́ni jáde nítorí pé ó ta tẹ́tẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ jókòó sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni ó ń jò.